Ẹ Jẹ́ Kí A Fi Kọ̀ǹpútà Tọpa Ibà Lassa

Sí Olóòtú,

Ọ̀rọ̀ kan wà tí ó kàn wá gbọ̀ngbọ̀n tí n kì í sábà rí kà nínú ìwé ìròyìn wa: bí àwọn onímọ̀ ṣe ń fi kọ̀ǹpútà wádìí ọ̀nà tí fáírọ́ọ̀sì ń gbà wọ inú sẹ́ẹ̀lì ènìyàn.

Ní ọdún 2007, Pardis Sabeti, onímọ̀ jíìnì kan ní Amẹ́ríkà, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi kọ̀ǹpútà yẹ àkọsílẹ̀ jíìnì (ohun àjogúnbá inú sẹ́ẹ̀lì) àwọn Yorùbá Ìbàdàn, tí wọ́n yọ̀ǹda ẹ̀jẹ̀ wọn fún HapMap, iṣẹ́ àgbáyé tó ṣe àkójọ ìyàtọ̀ inú jíìnì ènìyàn, wò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti àwọn ará Éṣíà àti ti àwọn tí ìran wọn ti Yúróòpù wá. Ó hàn pé ẹ̀yà kan lára jíìnì tí à ń pè ní LARGE ti tàn láàárín àwọn Yorùbá ju ohun tí a lè pè ní èèṣì lọ. Jíìnì yìí ló ń ṣiṣẹ́ lórí purotéènì kan lára sẹ́ẹ̀lì, purotéènì náà gan-an sì ni fáírọ́ọ̀sì ibà Lassa máa ń dì mọ́ kí ó tó ráyè wọlé. Èrò wọn ni pé ẹ̀yà jíìnì yìí lè máa dáàbò bo àwọn tó ní i, àti pé ó ṣeé ṣe kí ibà yìí ti máa bá àwọn baba ńlá wa fínra láti ìgbà pípẹ́, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọdún 1969 ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dá a mọ̀ ní Lassa, ní Borno. Èrò ni, kì í ṣe ẹ̀rí tó parí. Iṣẹ́ ṣì kù.

Kò sì yẹ kí a fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ fún òkè òkun nìkan, nígbà tí ibùdó ìwádìí jíìnì àwọn àrùn àkóràn tí ọ̀pọ̀ mọ̀ sí ACEGID wà ní Ẹdẹ níbí. Mo rọ àwọn gómìnà wa kí wọ́n pèsè kọ̀ǹpútà tó lágbára, iná tí kì í ṣẹ́jú, àti owó ẹ̀kọ́ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó bá fẹ́ kọ́ ìmọ̀ yìí.

Èmi ni,
Òǹkàwé yín, Ìbàdàn.