Bíọ́dún, má tíì dá àwọn angelfish yẹn lẹ́bi

Bíọ́dún ọ̀rẹ́ mi,

Ó ti pẹ́ tí mo ti ń retí lẹ́tà rẹ, àmọ́ mi ò retí irú ìròyìn yìí. Mo bá ọ kẹ́dùn àwọn ẹja tó ń kú nínú táńkì rẹ. Àwọn kan á ní ẹja lásán ni, èmi ò ní sọ bẹ́ẹ̀ láé. Ẹ̀dá tí èèyàn ń bọ́ láràárọ̀, tó ń sáré wá síwájú gíláàsì bó bá ti rí ẹni, ikú rẹ̀ á dunni.

O ní o ti fẹ́ gbé ẹja angelfish méjèèjì fún ẹlòmíì, torí ojú rẹ ló ṣe nígbà tí wọ́n ń fa lẹbẹ neon tetra, ẹja kékeré yẹn, tó kú ya láàárọ̀ ọjọ́ yẹn. Jọ̀ọ́, ṣe sùúrù díẹ̀. Àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí, mo mọ̀, ṣùgbọ́n òkú ẹja kì í pẹ́ nínú omi kí àwọn yòókù tó bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ẹ́. Wọ́n á yọ ojú, wọ́n á fa lẹbẹ ya, wọ́n á dá ikùn lu. Ìgbín inú omi àti àwọn ẹja ìsàlẹ̀ bíi corydoras náà á bá wọn dá sí i. Tó bá fi máa di àárọ̀, ẹja tí ẹnikẹ́ni ò fọwọ́ kàn kó tó kú á ti dà bí èyí tí wọ́n lù pa.

Òdìkejì rẹ̀ náà wà, òun ló sì máa ń dùn mí jù: ẹja tí wọ́n fìyà jẹ títí tó fi kú, tí kò ní àpá kankan lára. Kò dìgbà tí wọ́n bá bù ú jẹ. Kí wọ́n ṣáà máa lé e kiri lójoojúmọ́ ti tó. Á lọ fara pamọ́ sẹ́yìn ẹ̀rọ tó ń mú omi lọ́wọ́ọ́wọ́, àwọ̀ rẹ̀ á ṣá, kò ní lè jáde wá jẹun, ikùn rẹ̀ á wọlé. Agbára tí ara rẹ̀ fi ń bá àrùn jà á dínkù, àrùn tí àwọn yòókù ń bá gbé láìsí wàhálà á sì gbé e lọ. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi ń fi òkú ṣe ẹlẹ́rìí. Àwọn tó ṣì wà láàyè ni mo máa ń wò, pàápàá lásìkò oúnjẹ àti lẹ́yìn tí iná bá kú.

Mi ò sọ pé ọwọ́ angelfish mọ́ o. Ìdílé ẹja tí wọ́n ń pè ní cichlid ni wọ́n ti wá, wọn kì í sì í gba ìgbàkugbà. Bí takọtabo wọn bá fẹ́ yé ẹyin, wọ́n á fẹnu nu ewé kan mọ́, wọ́n á sọ apá ńlá nínú táńkì di tiwọn, ẹni tó bá yà síbẹ̀ á rí ìjà. Angelfish tó ti dàgbà sì lè gbé neon tetra mì lódindi. Ṣùgbọ́n èyí tí wọ́n bá gbé mì kì í fi òkú sílẹ̀, òkú lo sì ń rí.

Gbólóhùn kan wà nínú lẹ́tà rẹ tí mo kà lákàtúnkà. O ní kò sí ohun tó ń ṣe àwọn ẹja àtijọ́, pé àwọn tuntun nìkan ló ń kú láàárín ọjọ́ mélòó kan tí wọ́n bá dé. Ìwọ rò pé àwọn onílé ló ń pa àlejò. Èmi, omi ni ọkàn mi lọ síbẹ̀.

Táńkì rẹ ti pẹ́. Ìgbẹ́ ẹja àti oúnjẹ tó ṣẹ́kù ń di amóníà, bakitéríà inú fílítà, ẹ̀rọ tó ń sẹ́ omi, ń sọ ọ́ di náítíráìtì, òmíràn tún ń sọ ìyẹn di náítíréètì. 0 ló yẹ kí amóníà àti náítíráìtì wà. Náítíréètì ní tirẹ̀, mi ò fẹ́ kó kọjá 40 miligíráàmù nínú lítà kan. Ṣùgbọ́n bí bakitéríà yìí ti ń ṣiṣẹ́, bẹ́ẹ̀ náà ló ń jẹ ohun tó ń di pH, ìyẹn ìwọ̀n bí omi ṣe kan tó, mú nínú omi; bí pH bá ṣe ń wálẹ̀ ni omi ń kan sí i. Bí a kò bá pààrọ̀ omi déédéé, pH á máa wálẹ̀, náítíréètì á máa gòkè, díẹ̀díẹ̀ débi pé á mọ́ àwọn ẹja àtijọ́ lára. Ẹja tuntun tó bọ́ sínú rẹ̀ lójijì ò ráyè kí ó mọ́ òun lára. Omi náà á sì mọ́ gaara, kò ní fi nǹkan kan hàn ọ́.

Bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ló rí, mo bẹ̀ ọ́, má da ìdajì omi nù lẹ́ẹ̀kan náà. Bí pH bá ti lọ sílẹ̀ gan-an, bakitéríà kì í ṣiṣẹ́ dáadáa mọ́, amóníà á máa kóra jọ, àmọ́ májèlé rẹ̀ ò ní pọ̀ nínú irú omi bẹ́ẹ̀. Omi tuntun tó gbé pH sókè ló máa sọ ọ́ di apani: láti pH 7 sí 8, apá tó jẹ́ májèlé nínú amóníà fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po mẹ́wàá. Èèyàn á fọ táńkì lónìí, á bá òkú lọ́la, á ní kò yé òun. Ìdá kan nínú mẹ́wàá ni kí o máa pààrọ̀, lọ́jọ́ méjì-méjì. Fi oògùn pa kílórínì inú omi ẹ̀rọ kí o tó dà á sí i. Bó bá jẹ́ kílórámáìnì, ìyẹn kílórínì tí wọ́n pò mọ́ amóníà, ni wọ́n fi sínú omi ẹ̀rọ yín, gbígbé omi kalẹ̀ mọ́jú ò ní mú un kúrò. Omi tí o bá fà jáde nínú táńkì ni kí o sì fi fọ fóòmù fílítà, kí bakitéríà má baà kú.

Èyí tí mo fẹ́ kí o ṣe fún àwọn angelfish rèé. Wá ike pẹlẹbẹ tó ní ihò wẹ́wẹ́, fi dábùú táńkì, kí angelfish wà lápá kan, kí àwọn neon tuntun tó ṣẹ́kù àti àwọn yòókù wà lápá kejì. Omi kan náà ni gbogbo wọn á máa mí, kò sì sí ẹni tó máa lè fẹnu kan ẹnìkejì. Fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì, má ra ẹja kankan kún un. Bí ikú bá dáwọ́ dúró, màá gbà pẹ̀lú rẹ, kí o wá ilé míì fún wọn. Bí kò bá dúró, omi tàbí àrùn ni.

Lórí ọ̀rọ̀ àrùn, wo ara àwọn neon náà dáadáa. Bí ibì kan lára wọn bá ń funfun, tí ẹ̀yìn wọn sì ń tẹ̀, àrùn kan wà tó ń bá neon tetra jà bẹ́ẹ̀, tí kò ní oògùn tó dájú. Jíjẹ òkú wà lára ọ̀nà tó fi ń ràn, nítorí náà, má jẹ́ kí òkú kankan pẹ́ nínú omi. Èyí tí o bá máa rà lọ́jọ́ iwájú, jẹ́ kó dá gbé nínú táńkì mìíràn fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ná.

Wọn amóníà, náítíráìtì, náítíréètì àti pH láàárọ̀ kí o tó tan iná, ti táńkì lọ́tọ̀, ti omi ẹ̀rọ lọ́tọ̀, kí o kọ ọ́ ránṣẹ́ sí mi. Tún wò ó bóyá àwọn ẹja ń gbé ẹnu sókè omi lásìkò yẹn. Mò ń retí rẹ̀.

Bá mi kí gbogbo ilé.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ,
Tóyìn