Ẹ Má Fi Sìmẹ́ǹtì Pa Àwọn Ilé Àtijọ́ Àkúrẹ́

Sí Olóòtú,

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fún mi láàyè nínú ìwé ìròyìn yín kí n sọ ohun tó ń dùn mí nípa àwọn ilé àtijọ́ wa ní Àkúrẹ́. Ọgbọ̀n ọdún ni mo fi kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé ní iṣẹ́ bíríkìlà, nítorí náà, ògiri ni ojú mi máa ń kọ́kọ́ lọ níbikíbi tí mo bá dé.

Lọ́dún tó kọjá, ọmọbìnrin mi tó ń ṣe nọ́ọ̀sì nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì mú mi lọ sí abúlé kan tó ń jẹ́ Lacock, ní agbègbè Wiltshire. Ní 1232 ni obìnrin ọlọ́lá kan, Ela, dá ilé àwọn sísítà sílẹ̀ níbẹ̀, èyí tó di ilé gbígbé lẹ́yìn tí Ọba Henry Kẹjọ ti irú wọn pa. Fèrèsé kan nínú ilé yìí ni William Henry Fox Talbot yà ní fọ́tò ní 1835, nẹ́gátíìfù fọ́tò yìí ló sì pẹ́ jù lọ nínú èyí tó ṣì wà láyé. Ṣùgbọ́n ibòmíràn ni ẹsẹ̀ mi ti dúró pẹ́. Àká ńlá kan wà tí àwọn àgbẹ̀ ń kó ìdámẹ́wàá irè oko wọn wá nígbà láéláé, yàrá olókùúta kékeré kan sì wà nítòsí rẹ̀, tí wọ́n ń ti ọ̀mùtí mọ́ títí ọtí yóò fi dá lójú rẹ̀. Àwọn wọ̀nyí náà ni wọ́n ń tọ́jú! Láti 1944 tí Matilda Talbot, tó ni abúlé náà, ti fi í lé National Trust, ẹgbẹ́ tó ń tọ́jú àwọn ibi àtijọ́, lọ́wọ́, àwọn ayálégbé ṣì ń dáná, wọ́n ń tọ́mọ nínú àwọn ilé náà. Ẹfun tí wọ́n sun láti ara òkúta ni wọ́n fi ń tún irú ògiri bẹ́ẹ̀ ṣe, nítorí pé sìmẹ́ǹtì a máa sé omi mọ́ inú ògiri àtijọ́.

Ọ̀rọ̀ sìmẹ́ǹtì yìí ló ká mi lára jù. Nígbà tí àwọn ẹbí mi fẹ́ tún ilé bàbá bàbá wa ṣe ní Òkè-Àró, wọ́n fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ ògiri amọ̀ tó kọjú sí ìwọ̀ oòrùn, wọ́n sì gé etí òrùlé kúrò kí ilé lè rí bíi tòde òní. Sìmẹ́ǹtì sán, òjò gba ibẹ̀ wọlé, amọ̀ inú rẹ̀ rọ̀, kò sì rí ibi tí omi yóò gbà gbẹ. Kò pẹ́ tí ògiri náà fi wó. Èyí tí wọn kò fọwọ́ kàn, tí òrùlé ṣì ṣíji bò, wà níbẹ̀ títí di òní, síbẹ̀ mo gbọ́ tí wọ́n ń sọ pé ilé amọ̀ kì í tọ́jọ́.

Ìjọba àpapọ̀ ti ka ààfin Dèjì àtijọ́, pẹ̀lú àwọn àgbàlá rẹ̀, mọ́ ohun ìrántí orílẹ̀-èdè láti 1990, Òkè Ìdànrè sì wà láti 2007 nínú àkójọ àwọn ibi tó ń dúró kí àjọ UNESCO kà wọ́n mọ́ ohun àjogúnbá àgbáyé. Mo dúpẹ́ fún ìyẹn. Àwọn ilé inú àdúgbò ni kò sí lórí ìwé kankan, ọjọ́ tí ẹbí bá sì tà wọ́n fún ẹni tó fẹ́ kọ́ ṣọ́ọ̀bù, kò sí ẹni tí yóò béèrè.

Mo bẹ Ìjọba Ìbílẹ̀ Gúúsù Àkúrẹ́ pé kí wọ́n pe àwọn olórí àdúgbò jọ, kí wọ́n kọ orúkọ gbogbo ilé amọ̀ tó ṣì dúró, kí wọ́n sì máa bi àwọn ẹbí léèrè kí wọ́n tó wó èyíkéyìí. Mo bẹ àwọn onílé pé kí wọ́n fi amọ̀ rẹ́ amọ̀, kí wọ́n dá etí òrùlé padà, kí wọ́n sì jẹ́ kí èèyàn máa gbé inú rẹ̀. Bí ilé-ìwé iṣẹ́ ọwọ́ kan bá fẹ́ kí àwọn ọmọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń po amọ̀ àti bí wọ́n ṣe ń mọ ọ́n ní ipele-ipele, mo ṣetán láti wá kọ́ wọn láìgba kọ́bọ̀.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìntì,
Òkè-Àró, Àkúrẹ́.