Lẹ́tà sí àbúrò mi tí alájọ gbé owó rẹ̀ sá lọ

Àbúrò mi ọ̀wọ́n,

Mo ti gbọ́ ohun tí ẹ̀yin ará ọjà fẹnu kò lé lórí: pé ẹ máa ti ṣọ́ọ̀bù ìyá tó bí alájọ yẹn pa, pé ìwọ fúnra rẹ á gbé fọ́tò ọmọ alájọ náà obìnrin sórí Facebook kí gbogbo ayé lè mọ̀ pé ọmọ olè ni.

Olè ni alájọ yẹn jà, mi ò ní fún un lórúkọ mìíràn. Ojoojúmọ́ lo ń dájọ, òjò ìbáà rọ̀, ọjà ìbáà má tà. Owó ọjọ́ kan nínú oṣù jẹ́ tirẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ìṣe alájọ, o ò sì ráhùn rí. Ẹni a ní kó fẹ́ni lójú ló fi ata sẹ́nu. Inú ń bí mi bó ṣe ń bí ọ, mi ò sì ní bẹ̀ ọ́ pé kí o fi í sílẹ̀ fún Ọlọ́run. Àwọn tó ń sọ pé kí o gbàgbé, owó tiwọn kọ́ ló lọ.

Ṣùgbọ́n ọmọ yẹn ńkọ́? Ọjọ́ wo ló sàmì sí káàdì rẹ? Ẹni tó da eérú ni eérú ń tọ̀. Ẹ̀yin wá fẹ́ gba eérú náà kí ẹ dà á sí ọmọ ọlọ́mọ lórí.

O sọ fún ìyá wa pé bí alájọ náà bá rí fọ́tò ọmọ rẹ̀, ojú á tì í, á sì jáde. Bóyá. Ẹni tó lè fi ìyá àtọmọ sílẹ̀ sá lọ lóru, ojú rẹ̀ lè má tètè tì. Ká tiẹ̀ ní ó jáde, tó san owó náà pé pérépéré: ọmọ yẹn á ṣì máa jẹ́ "ọmọ olè" níléèwé, níbi iṣẹ́, lójú àna. Owó ni wọ́n jẹ ọ́, owó sì ṣeé san. Ohun tí o fẹ́ gbà lọ́wọ́ ọmọ yẹn, kò sí bí o ṣe máa dá a padà.

Rántí àwọn ayánilówó orí fóònù. Nígbà tí ọ̀rẹ́ rẹ jẹ wọ́n lówó, gbogbo ẹni tó wà nínú fóònù rẹ̀, títí kan pásítọ̀, ni wọ́n fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí pé oníjìbìtì ni. Ìwọ lo bá a sunkún. Nítorí irú ìwà yẹn ni FCCPC, àjọ ìjọba tó ń dáàbò bo àwọn oníbàárà, ṣe ya wọ ọ́fíìsì àwọn kan nínú wọn l'Ékòó lọ́dún 2022. Ọ̀rẹ́ rẹ jẹ gbèsè lóòótọ́, síbẹ̀ o mọ̀ nígbà náà pé ìbéèrè owó yẹn ti di ìkà.

Ti ọlọ́pàá tí ẹ fẹ́ fún lówó kó lọ gbé ìyá tó bí alájọ náà: òfin ACJA ti ọdún 2015, tó dá lórí bí a ṣe ń mú afurasí àti bí a ṣe ń gbẹ́jọ́ ọ̀daràn, abala 7, ní ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ mú ẹlòmíràn dípò afurasí. Mo mọ̀ pé wọ́n ń ṣe é. Kí ìyá arúgbó wà lẹ́yìn káńtà nítorí owó tí kò fojú kàn, ṣé ìyẹn á jẹ́ kí o sùn?

Alájọ náà fúnra rẹ̀ ni kí ẹ lé, kí ẹ má sì dẹwọ́. Ẹ kó káàdì yín jọ, àti ẹ̀rí owó tí ẹ fi ránṣẹ́ sí àkáǹtì rẹ̀, kí ẹ lọ fẹjọ́ rẹ̀ sùn lórúkọ ara rẹ̀. L'Ékòó níbí, kóòtù Small Claims ti wà láti ọdún 2018 fún gbèsè tí kò ju mílíọ̀nù 5 náírà lọ; o lè rojọ́ níbẹ̀ láìgba lọ́yà. Lẹ́tà béèrè owó lẹ máa kọ́kọ́ kọ sí i. Kò ní yá bí ìjà ọjà, á sì sú ọ nígbà mìíràn.

Mo ń bọ̀ lọ́jọ́ Sátidé ká jọ kọ ọ́. Kó káàdì rẹ sílẹ̀ dè mí. Fọ́tò ọmọ yẹn tó wà nínú fóònù rẹ, pa á rẹ́ kí n tó dé.

Èmi ni,
Ẹ̀gbọ́n rẹ