Àrọ̀ tá a fi ń bímọ, ọmọ ìyá kan ni wọ́n

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Gbogbo ìgbà tí ọ̀rọ̀ ẹja sísìn bá jáde nínú ìwé ìròyìn yín, owó oúnjẹ ẹja la máa ń kà, òótọ́ sì ni, oúnjẹ ti wọ́n kọjá sísọ, àmọ́ nǹkan míì wà tó ń jẹ wá lábẹ́lẹ̀ tí ẹnì kankan ò sọ.

Lọ́dún tó kọjá mo ra ọmọ àrọ̀ 3,000. Omi kan náà, oúnjẹ kan náà, mo sì ń ṣà wọ́n sọ́tọ̀ bó ṣe yẹ, síbẹ̀ nígbà tó fi pé oṣù 4 àwọn kan ti tó ọrùn ọwọ́, àwọn kan ò ju ìka lọ, ìrù òmíì wọ́. Mo mọ̀ pé oúnjẹ tí fítámì ò tó nínú ẹ̀ lè mú kí ẹ̀yìn ẹja wọ́, ìyẹn ni mo kọ́kọ́ rò. Ìgbà tí mo wá bi ẹni tó tà á fún mi pé níbo ló ti rí ìyá àti bàbá wọn, ó ní inú ọmọ ẹja tí wọ́n bí nínú adágún òun lòun ti ṣa àwọn tó sanra jù. Tẹ̀gbọ́n tàbúrò ló ń gun ara wọn, ìyẹn náà lè mú kí ọmọ wọn rán tàbí kí ara wọn wọ́!

Bẹ́ẹ̀ la sì ń ṣe é káàkiri. Àá pa akọ kan, àá la àpò àtọ̀ ẹ̀, àá fún un sórí ẹyin abo 3 tàbí 4 nínú abọ́, àá fi ìyẹ́ adìyẹ rò ó pọ̀. Ẹyin abo kan ń lé ní 10,000 dáadáa, gbogbo wọn, bàbá kan náà.

Ojú lásán ò lè mọ àwọn tó jẹ́ tẹ̀gbọ́n tàbúrò, irùngbọ̀n 8 ni gbogbo àrọ̀ ní. DNA, àmì ìran tó wà nínú ara, ló ń sọ ọ́. Wọ́n á gé bíńtín létí lẹbẹ ẹ̀, ò ju èékánná lọ, wọ́n á jù ú sínú spírítì, ẹja á padà sómi. Ní láàbù wọ́n á wá ibi tí lẹ́tà DNA ti ń tún ara ẹ̀ pè, CA CA CA, microsatellite ni wọ́n ń pè é. Ẹja kan lè gba CA 15 lọ́dọ̀ bàbá, CA 19 lọ́dọ̀ ìyá. Tí iye yẹn bá fẹ́ẹ̀ bára mu lára gbogbo ẹja inú adágún kan, ẹ̀jẹ̀ wọn ti sún mọ́ra jù nìyẹn.

Ẹja odò ló máa gbà wá, ẹ̀jẹ̀ tuntun ló máa fi kún tiwa. Nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ epìyà GIFT, ìyẹn epìyà tí wọ́n ń ṣa ìran ẹ̀ kó lè dára sí i, ní Philippines ní 1988, odò Íjíbítì, Gánà, Kẹ́ńyà àti Sẹ̀nẹ̀gà ni wọ́n ti wá kó ẹja kún tiwọn. Àmọ́ àwa ń da omi adágún háíbíríìdì, ìyẹn ọmọ irú àrọ̀ méjì tá a gùn pọ̀, sínú odò tá a máa padà lọ bẹ̀, ẹja sì lè bá omi náà lọ! Ní Thailand, wọ́n fi àrọ̀ Áfíríkà gun àrọ̀ ìbílẹ̀ wọn, ìwádìí microsatellite tó jáde ní 2004 sì bá àmì àrọ̀ Áfíríkà lára ẹja inú odò wọn.

Ẹ bá wa bẹ àwọn iléeṣẹ́ ìjọba tó ń ṣèwádìí ẹja, NIOMR l'Ékòó àti NIFFR ní New Bussa, kí wọ́n ṣí ibi tí asin-ẹja lè gbé lẹbẹ lọ kó san owó tágbára ẹ̀ ká, kí ẹni tó ń ta ìyá ẹja sì ní ìwé èsì lọ́wọ́. Kí àwa náà fi nẹ́ẹ̀tì dí ẹnu páìpù ká tó tú omi. Mo ti gé lẹbẹ 20 lára àwọn ìyá ẹja tèmi, wọ́n wà nínú ìgò nínú fíríìjì, mo kọ nọ́ńbà sára ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Asin-ẹja kan, Ìkòròdú