Lẹ́tà sí Àǹtí Tíṣà, lórí fíìmù tí a jọ wò

Àǹtí Tíṣà mi,

Ẹ kú ilé o. Ṣé ẹsẹ̀ yín ti lọ sílẹ̀ báyìí? Ẹ jọ̀ọ́ ẹ máa gbé e lé ìrọ̀rí bí mo ṣe sọ, ìjókòó inú bàálù yẹn ti pọ̀ jù. Àbẹ̀ní wà dáadáa, ó ti ń rẹ́rìn-ín sí èèyàn, ó sì ti ń mọ ìgbà tí bàbá ẹ̀ bá wọlé.

Ọ̀rọ̀ kan ló wà nínú mi tí mi ò lè sọ lórí fóònù, torí ẹ mọ̀ mí, tí ẹ bá ti ní "ẹn-ẹ́n, kí ló dé" báyìí ohùn mi á ti lọ. Ọ̀rọ̀ fíìmù tí a jọ wò lálẹ́ Sátidé yẹn ni, Rabbit-Proof Fence, ti àwọn ọmọbìnrin Aboriginal mẹ́ta, àwọn tó ni ilẹ̀ Ọsirélíà kí òyìnbó tó dé, tí ìjọba kó kúrò lọ́wọ́ ìyá wọn ní Jigalong ní Ìwọ̀-Oòrùn Ọsirélíà lọ́dún 1931. Ẹ rántí pé ẹ̀yin lẹ gbé ọmọ, ẹ ń rọra gbá a lẹ́yìn kó lè gùnfẹ̀, bí mọ́tò ọlọ́pàá yẹn ṣe dé tí ó ń já àwọn ọmọ gbà lọ́wọ́ ìyá wọn, ẹ pariwo mọ́ tẹlifíṣọ̀n, "Fi í sílẹ̀! Fi í sílẹ̀, ìwọ ọkùnrin yìí!" Nígbà tí ìyá àgbà yẹn wá wà nílẹ̀ tó ń fi òkúta lu orí ara ẹ̀, ẹ bú sẹ́kún, èmi náà sunkún, ọmọ náà wá ta jí, gbogbo ilé dàrú.

Fíìmù parí, ẹ fi ìdí ìró yín nu ojú, ẹ wá ní, "Ó dùn mí o, àmọ́ ṣebí iléèwé ni wọ́n kó wọn lọ. Rere ni wọ́n rò pé àwọn ń ṣe." Mo ní mò ń lọ fọ fídà ọmọ. Mi ò sọ nǹkan kan mọ́ títí ẹ fi padà sílé.

Ẹ̀yin kọ́ lẹ kọ́kọ́ sọ ọ́ létí mi. Lọ́dún tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní wọ́ọ̀dù ní Perth níbí, wọ́n fi fíìmù yìí kan náà hàn lórí tẹlifíṣọ̀n, nígbà tó di ọjọ́ kejì gbogbo wa ń sọ ọ́ níbi tá a ti ń mu tíì. Òyìnbó kan tó ti dàgbà ní ojú ń ti òun, pé Perth níbí lòun ti kàwé jáde, kò sì sẹ́ni tó sọ irú ẹ̀ fún òun rí. Òmíràn ní àsọdùn ti pọ̀ jù nínú ẹ̀. Ẹnì kẹta wá ní, rere ṣá ni wọ́n ní lọ́kàn. Ọmọ Noongar kan wà láàárín wa, Noongar ló ni ilẹ̀ Perth yìí, ó dìde, ó kó gbogbo ife tó wà lórí tábìlì, àti èyí tí tíì ṣì wà nínú ẹ̀, ó lọ ń fọ̀ wọ́n. Kò fọhùn. Èmi náà ò fọhùn. Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn ẹ̀ ni mo tó lọ bá a pé kó má bínú, ló bá sọ fún mi pé ní Moore River, ibi tí wọ́n kó àwọn ọmọ inú fíìmù yẹn lọ gan-an, ni wọ́n ti tọ́ ìyá tó bí ìyá òun, àti pé títí màmá yẹn fi kú, tí mọ́tò tí wọn ò mọ̀ bá ti dúró níwájú ilé, á kó gbogbo ọmọ-ọmọ ẹ̀ lọ sí ẹ̀yìnkùlé.

Ẹ̀yin ni tíṣà, ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ bíi tíṣà. Irú iléèwé wo ni? Wọ́n ń kọ́ àwọn ọmọbìnrin níbẹ̀ kí wọ́n lè lọ ṣe ọmọ ọ̀dọ̀ nílé òyìnbó, kí àwọn ọkùnrin lọ ṣe lébìrà lóko. Tó bá dalẹ́ wọ́n á ti wọn mọ́lé. Ọ̀gbẹ́ni tó ń pàṣẹ yẹn, A. O. Neville, èèyàn gidi ni, oyè Olórí Aláàbò àwọn Aboriginal ni wọ́n fi jẹ ní Ìwọ̀-Oòrùn Ọsirélíà láti 1915, wọ́n yí orúkọ oyè náà padà lọ́dún 1936, òun náà ló sì wà níbẹ̀ títí di 1940. Òfin ọdún 1905 ti sọ ẹni tó bá jẹ oyè yẹn di alágbàtọ́ gbogbo ọmọ Aboriginal ní ìpínlẹ̀ náà títí ọmọ á fi pé ọdún 16, ìyá tó lóyún ẹ̀ tó sì rọbí ẹ̀ ò lẹ́nu níbẹ̀. Àwọn tí bàbá wọn jẹ́ òyìnbó ló sì ń wá jù, bíi Molly, àgbà nínú àwọn ọmọ inú fíìmù yẹn, àti àwọn méjì tó kù.

Ẹ rántí ibi tó ti ń fi fọ́tò han àwọn obìnrin òyìnbó, ìyá àgbà, ọmọ, ọmọ-ọmọ, pé kí wọ́n wo bí dúdú ṣe ń tán lára wọn? Ẹ ní "kí ni ọkùnrin yìí ń sọ gan-an?" Ohun tó ń sọ nìyẹn o, ẹ gbọ́ ọ dáadáa. Lọ́dún 1937 àwọn aláṣẹ irú ẹ̀ ṣèpàdé ní Canberra, ó sì béèrè níbẹ̀ lójú gbogbo èèyàn bóyá kí Aboriginal máa pọ̀ sí i títí wọ́n á fi pé mílíọ̀nù kan ni, tàbí kí àwọn pò wọ́n mọ́ òyìnbó títí àwọn á fi gbàgbé pé irú wọn fìgbà kan wà ní Ọsirélíà. Àǹtí mi, èyí kọjá ọ̀rọ̀ iléèwé. Ó lè jẹ́ lóòótọ́ pé ó pè é ní rere lọ́kàn ẹ̀, mi ò bá yín jiyàn lórí ìyẹn, òun ló tiẹ̀ ń bà mí lẹ́rù jù, torí ẹni tó mọ̀ pé òun ń ṣìkà lè ronú lọ́jọ́ kan.

Ibi tó wá ká mi lára ju gbogbo ẹ̀ lọ ni ibi tí wọ́n ti sọ fún àwọn ọmọ yẹn pé wọn ò gbọ́dọ̀ sọ èdè wọn níbẹ̀, òyìnbó nìkan. Mo yíjú wò yín. Mi ò mọ̀ bóyá ẹ rí i pé mo wò yín. Mo rántí praimárì fọ́ọ̀, kíláàsì yín, ọjọ́ tí ẹ gbé páálí kọ́ mi lọ́rùn torí mo fi Yorùbá bèèrè omi lọ́wọ́ ẹni tó jókòó tì mí, tí mo sì gbé páálí yẹn rìn títí dìgbà tá a jáde. Ẹ má bínú, mi ò sọ pé ọ̀kan náà ni. Kì í ṣe ọ̀kan náà rárá. Géètì iléèwé wa ń ṣí ní agogo méjì, mo sáré délé, màmá mi gbé ẹ̀bà fún mi, wọ́n pe oríkì mi, wọ́n bú yín díẹ̀ (ẹ̀yin náà mọ ẹ̀gbọ́n yín), ó tán. Ti Moore River ò ṣí. Mo kàn mọ bí páálí yẹn ṣe rí lọ́rùn ni, ẹ̀yin náà sì mọ̀ ọ́n, torí ẹ ti sọ fún mi rí pé wọ́n gbé e kọ́ ẹ̀yin náà lọ́rùn nígbà tí ẹ wà lọ́mọdé.

Mo rántí bí ẹ ṣe ń gbàdúrà sí tẹlifíṣọ̀n, "Òjò, tètè rọ̀ o, pa ẹsẹ̀ wọn rẹ́!" Inú mi dùn sí yín gan-an. Molly ọmọ ọdún 14, Daisy ọmọ ọdún 8, Gracie láàárín wọn, ọgbà wáyà tí wọ́n fi dí ehoro lọ́nà ni wọ́n ń tọ̀ lọ torí ó gba ìlú wọn kọjá, nǹkan bíi kìlómítà 1,600, bí ẹni fẹsẹ̀ rìn láti Èkó dé Kánò, tó tún padà dé Lọ́kọ́ja. Nígbà tí wọ́n mú Gracie lọ́nà, ẹ bo ojú ọmọ.

Àmọ́ ẹ ti ń sunkún nígbà tí wọ́n sọ ìyókù lópin, mi ò rò pé ẹ gbọ́ ọ. Molly délé, ó lọ́kọ, ó bí ọmọbìnrin méjì, Doris àti Annabelle. Lọ́dún 1940 wọ́n tún kó òun àtàwọn ọmọ padà sí Moore River. Ó tún sá lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ó tún fẹsẹ̀ rìn ọ̀nà yẹn délé, àmọ́ ọmọ kan ló lè gbé, ó gbé Annabelle, ó fi Doris sílẹ̀. Nígbà tó yá wọ́n wá gba Annabelle náà lọ́wọ́ ẹ̀. Molly kú lọ́dún 2004, kò fojú kàn án mọ́.

Doris wá kàwé o. Ó gba ẹ̀kọ́ olùrànlọ́wọ́ nọ́ọ̀sì ní Perth níbí, òun náà ló padà kọ ìtàn ìyá ẹ̀ tí wọ́n fi ṣe fíìmù. Mo mọ̀ pé ẹ máa ní "ẹn-ẹ́n, ṣé ẹ rí i." Àǹtí mi, ọdún mọ́kànlélógún ni kò rí ìyá ẹ̀, ó sì gbà gbogbo ìgbà yẹn pé ńṣe ni ìyá òun gbé òun fún wọn. Ìwé wo ló tó fi san ìyẹn?

Nígbà tí fíìmù yìí dé Amẹ́ríkà, wọ́n kọ ọ́ sára pósítà ẹ̀ pé tí ìjọba bá jí ọmọbìnrin yín gbé ńkọ́, àwọn olóṣèlú kan níbí sì bínú gan-an sí i. Ìbéèrè kan ṣoṣo yẹn! Nígbà tó sì jẹ́ pé ìwádìí tí àjọ ìjọba fúnra ẹ̀ gbé jáde lọ́dún 1997 ti sọ pé láàárín nǹkan bíi 1910 sí 1970, ó kéré tán ọmọ Aboriginal kan nínú mẹ́wàá ni wọ́n kó, ó lè tó ọ̀kan nínú mẹ́ta. Ọjọ́ 13 oṣù Kejì ọdún 2008 ni olórí ìjọba Kevin Rudd tó bẹ̀bẹ̀ nílé aṣòfin. Molly ti kú.

Mò ń bá yín sọ gbogbo èyí torí ẹ̀yin lẹ wẹ ọmọ mi. Láràárọ̀ ni mo máa ń dúró lẹ́nu ọ̀nà bálùwẹ̀ tí mo máa ń gbọ́ yín, ẹ̀yin tí ẹ gbé páálí kọ́ mi lọ́rùn, ẹ ń fi kàǹkàn fọ̀ ọ́, ẹ ń pè é ní Àbẹ̀ní, ẹ ń ki ìdílé wa fún un láti òkè délẹ̀, ohùn yín ń dún káàkiri ilé ní Perth. Látìgbà tí ẹ ti lọ, kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n kì dáadáa níbí. Èmi mọ ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀, mo ti gbàgbé àárín. Bàbá ẹ̀ ò tiẹ̀ mọ ti ilé tiwọn.

Tí ẹ bá pè wá ní Sọ́ńdè, ẹ má sọ òyìnbó sí i o, Àǹtí mi. Ẹ kì í. Mo máa gbé fóònù sétí ẹ̀, mo máa gba ohùn yín sílẹ̀, ẹ rọra sọ ọ́ kí àárín yẹn lè yé èmi náà.

Ọmọ yín,
Ìyá Àbẹ̀ní