Afárá Carter tí wọ́n fẹ́ wó kì í ṣe ti ọdún 1901

Òkè-Fíà,
Òṣogbo,
Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun.

Sí Olóòtú,

Mo kí yín kú iṣẹ́, mo sì kí gbogbo àwọn tí ẹ jọ ń ṣe akitiyan kí ìwé ìròyìn èdè Yorùbá má bàa kú mọ́ wa lójú. Ìròyìn kan tí ẹ gbé jáde nípa Afárá Carter ní ìlú Èkó ló mú mi kọ lẹ́tà yìí. Ẹ kọ ọ́ síbẹ̀ pé afárá tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì kọ́ ní ọdún 1901 ni ìjọba àpapọ̀ ń gbèrò láti wó báyìí. Ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ mi ni a wà nígbà tí ẹnì kan ka ìròyìn náà sókè fún wa, bó sì ṣe kà á débẹ̀ ni ọmọkùnrin kan tó ń retí kó kan òun gbé ojú kúrò lára fóònù rẹ̀, ó ní, "Baba, ṣé afárá ọdún 1901 ló ṣì ń gbé dáńfó títí dòní?" Mo ní rárá o. Ṣùgbọ́n orí mi wà lọ́wọ́ onígbàjámọ̀ lákòókò náà, àlàyé tó yẹ kí n ṣe sì gùn ju ohun tí ènìyàn lè sọ láìmi orí lọ.

Àṣìṣe tó wà nínú ìròyìn yín kì í ṣe tiyín nìkan, nítorí ọ̀pọ̀ ènìyàn ló gbà bẹ́ẹ̀. Orúkọ kan náà ni wọ́n ń pe afárá náà láti ọdún 1901, ojú kan náà ló sì wà, láti Ìdó sí Ìdúmọ̀tà, ìyẹn ló fi rọrùn láti rò pé ohun kan náà ni. Mẹ́ta ni wọ́n. Wọ́n kọ́ àkọ́kọ́ ní ọdún 1901, wọ́n tún un kọ́ ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1930, lẹ́yìn náà ni wọ́n tú ìyẹn náà palẹ̀ tí wọ́n sì kọ́ èyí tó wà níbẹ̀ báyìí ní ìparí àwọn ọdún 1970.

Kí ọ̀rọ̀ náà tó lè yé ẹni tí kò gbé Èkó rí, ó di dandan kí a kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ omi. Erékùṣù ni Ìdó jẹ́ láyé àtijọ́, bí ẹni tó ń gba ibẹ̀ kọjá lónìí kò tilẹ̀ ní mọ̀, nítorí wọ́n ti fi iyanrìn dí púpọ̀ nínú omi tó yí i ká. Ẹni tó bá fẹ́ ti Ìsàlẹ̀ Èkó lọ sí òkè ọ̀sà ní omi méjì láti là kọjá: ọ̀sà tó wà láàárín Erékùṣù Èkó àti Ìdó, àti omi tó ya Ìdó sọ́tọ̀ kúrò lára Èbúté-Mẹ́ta. Ọkọ̀ ojú omi ni gbogbo ènìyàn ń wọ̀. Nígbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ sí í la ojú irin rélùwéè láti Èkó ní ọdún 1896, ni ọ̀rọ̀ afárá wá di kàn-ńpá, torí kò sí bí wọ́n ṣe lè máa fi ọkọ̀ ojú omi kó ẹrù ọkọ̀ ojú irin lójoojúmọ́. Afárá tó so Ìdó mọ́ Èbúté-Mẹ́ta ni wọ́n fi sọrí George Denton, ọ̀gá kan nínú ìjọba Èkó tó máa ń dele gómìnà lọ́pọ̀ ìgbà. (Ìgbà tí wọ́n gbé e lọ ṣe gómìnà ní Gáḿbíà, afárá tún gba orúkọ rẹ̀ níbẹ̀, ó sì wà lẹ́nu ọ̀nà Banjul títí di òní; ó jọ pé orí afárá ni ọkùnrin náà mú wáyé.) Èyí tó ti Ìdó kọjá sí Erékùṣù Èkó ni wọ́n fi sọrí Gilbert Carter.

Carter kò ṣe àjèjì sí wa ní agbègbè yìí. Òun ni gómìnà Èkó tó rìnrìn-àjò wọ ilẹ̀ Yorùbá ní ọdún 1893, lẹ́yìn tí wọ́n ti ṣẹ́gun Ìjẹ̀bú ní ọdún 1892, tó sì dé ibùdó ogun Kírìjì níbi tí Ìbàdàn àti Èkìtì-Parapọ̀ ti ń wo ara wọn láti ọdún 1877. Ìgbájọ àti Ìmẹ̀sí-Ilé, níbi tí ibùdó ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ wà, kò jìnnà sí Òṣogbo rárá. Nígbà tí àwọn ọmọ-ogun tú ká, ọ̀nà ṣí, òwò ṣí, òyìnbó náà sì ríbi gba irin rẹ̀ kọjá. Èmi kò rò pé tìtorí àánú wa ló ṣe wá. Ṣùgbọ́n ó ti kúrò ní Èkó kí afárá tó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ tó parí. William MacGregor, oníṣègùn tó ń pín kúníìnì fún àwọn ará Èkó nítorí ibà, ló wà lórí àléfà ní ọdún 1901.

Ọdún 1901 yẹn náà ni ọkọ̀ ojú irin dé Ìbàdàn. Ó dé Òṣogbo ní ọdún 1907. Láti ìgbà náà ni kòkó, èkùrọ́ àti aṣọ aláró wa ti ń bá irin lọ sí Ìdó, nítorí Ìdó ni irin parí sí, ẹni tó bá sì fẹ́ dé ọjà Ìsàlẹ̀ Èkó ní afárá láti gbà. Ọkọ̀ ojú irin kékeré kan wà tó ń gba orí Afárá Carter kọjá láti ọdún 1902, èyí tó ń kó èrò títí di ìparí ọdún 1913. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹrù àwọn agbépòó ló kù tó ń kó nínú ìlú títí wọ́n fi pa á tì ní ọdún 1933. Èmi kì í lè sọ apá yìí fún àwọn ọmọ-ọmọ mi nígbà oúnjẹ, ṣùgbọ́n ìtàn ni.

Ìyá bàbá mi jẹ́ aláró. Lẹ́yìn ogun Hítílà ló bẹ̀rẹ̀ sí í kó àdìrẹ lọ sí Ìdúmọ̀tà, nítorí náà afárá kejì ni òun mọ̀. Ohun tó máa ń sọ fún wa nípa rẹ̀ kì í ṣe bó ṣe gùn tó. Ó ní atẹ́gùn orí ọ̀sà máa ń fẹ́ ìró mọ́ ènìyàn lẹ́sẹ̀, bí ọkọ̀ akẹ́rù bá sì ń bọ̀, ènìyàn á fẹ́ fọwọ́ di irin ẹ̀gbẹ́ afárá mú, ṣùgbọ́n òun kì í dì í mú, nítorí ìpẹtà ara irin náà máa ń kun àtẹ́lẹwọ́ ní pupa, bí ọwọ́ bẹ́ẹ̀ bá sì kan àdìrẹ, ọṣẹ kankan kò lè fọ̀ ọ́ kúrò. Ó máa ń nà ọwọ́ méjèèjì síwájú bí ó bá ń fi hàn wá bí òun ṣe ń rìn, ẹrù lórí, ọwọ́ kò gbọdọ̀ kan ohunkóhun. Mo ti di àgbàlagbà kí ó tó yé mi pé ohun tó pa afárá náà ni ìyá àgbà ń sọ.

Ẹ má bínú pé mo ń sọ̀rọ̀ ìpẹtà bí ẹni ń sọ̀rọ̀ oògùn. Ilé-iṣẹ́ tó ń rọ irin ọ̀pá ní ìlú yìí ni mo ti fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣiṣẹ́, níbi tí a ti ń gba bílẹ́ẹ̀tì, ìyẹn ìtì irin ńlá, láti ilé-iṣẹ́ irin Aládjà, tí a ó fi iná mú un rọ̀, tí a ó sì tẹ̀ ẹ́ di ọ̀pá irin tí àwọn bíríkìlà ń fi sínú kankéré. Àwọn ènìyàn gbà pé bí kankéré bá ti bo irin, irin bọ́ lọ́wọ́ ewu. Bẹ́ẹ̀ kọ́ ni létí òkun. Omi ọ̀sà Èkó kì í ṣe omi odò Ọ̀ṣun; iyọ̀ òkun wà nínú rẹ̀, iyọ̀ náà á sì máa rọra wọ inú kankéré díẹ̀díẹ̀ títí á fi kan irin. Bí irin bá ti ń pẹtà, á máa wú, nítorí ìpẹtà tóbi ju irin tó jẹ lọ, á sì máa ti kankéré láti inú wá títí á fi là. Ibi tó máa ń burú jù ni ìbàdí òpó, níbi tí omi ti ń lọ tó ń bọ̀, tó bá rin ní òwúrọ̀ á gbẹ ní ọ̀sán, tí iyọ̀ àti afẹ́fẹ́ jọ ń ráyè bá a jà. Ẹni tó wà nínú mọ́tò lókè kò lè rí i. Ọ̀dà tuntun lè wà lára irin ẹ̀gbẹ́ afárá, kí títì orí rẹ̀ sì máa dán, nígbà tí òpó tó gbé e ti ń bẹ́ wẹ́wẹ́ nísàlẹ̀. Ẹ tún wá fi ti àwọn tó ń wa iyanrìn nínú ọ̀sà kún un: iyanrìn tó di ẹsẹ̀ òpó mú ni wọ́n ń kó lọ tà fún wa láti fi kọ́lé.

Nítorí náà, kò yà mí lẹ́nu nígbà tí ìjọba àpapọ̀ kéde ní ọdún 2025 pé àyẹ̀wò abẹ́ omi ti fi hàn pé ìbàjẹ́ Afárá Carter ti kọjá àtúnṣe, àfi kí wọ́n wó o kí wọ́n sì kọ́ òmíràn. Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé gbogbo ènìyàn ń pè é ní afárá ogbó. Kò tíì pé àádọ́ta ọdún dáadáa. Afárá àkọ́kọ́ lo nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún, èkejì lo ogójì ọdún àti díẹ̀, ẹ̀kẹta náà sì ti ń palẹ̀mọ́. Bí ìròyìn bá wá sọ fún wa pé iṣẹ́ ọdún 1901 ni, a ó máa yin òyìnbó pé iṣẹ́ wọn lálòpẹ́, a kò sì ní béèrè ìdí tí èyí tí a kọ́ lẹ́yìn òmìnira kò fi pẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ìdí tí mo fi kọ lẹ́tà yìí nìyẹn.

Ìbéèrè náà ṣe pàtàkì nítorí Afárá Carter nìkan kọ́ ni ọ̀rọ̀ kàn. Nígbà tí a gba òmìnira ní ọdún 1960, afárá kan ṣoṣo yìí ni mọ́tò lè gbà láti òkè ọ̀sà wọ Erékùṣù Èkó. Ọdún 1965 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ Afárá Èkó, láti Ìjọ́ra sí Apọ́ngbọ̀n, ó sì parí ní ọdún 1968. Iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí Julius Berger ṣe ní orílẹ̀-èdè yìí ni. Wọ́n tún fà á gùn wọ òkè ní àwọn ọdún tó tẹ̀ lé e. Èrò tèmi ni pé bí kì í bá ṣe ti Afárá Èkó, kò sí ẹni tó máa gbójú gbóyà tú Afárá Carter palẹ̀ ní àwọn ọdún 1970, nítorí ibo ni ọkọ̀ ì bá gbà? Lẹ́yìn náà ni Afárá Kẹta, èyí tí wọ́n ń pè ní Third Mainland Bridge, dé. Shehu Shagari ṣí apá àkọ́kọ́ rẹ̀ ní ọdún 1980, Ibrahim Babangida sì ṣí ìyókù ní ọdún 1990, gígùn rẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó kìlómítà 12. Kò sí èyí tó gùn tó o ní gbogbo ilẹ̀ Áfíríkà títí tí wọ́n fi parí ọ̀kan ní Káírò ní ọdún 1996. Inú ọ̀sà kan náà ni òun náà fi ẹsẹ̀ sí. Gbogbo wa la rántí bí wọ́n ṣe ti apá kan rẹ̀ pa ní oṣù Keje ọdún 2020 fún àtúnṣe, tí ẹni tó ń ti Ọ̀wọ́rọ̀nṣòkí bọ̀ sì ń sùn jí nínú ọkọ̀.

Mo ní ẹ̀bẹ̀ méjì. Àkọ́kọ́ wà lọ́wọ́ yín: ẹ jọ̀wọ́, ẹ ṣe àtúnṣe sí ìròyìn yẹn nínú ìtẹ̀jáde tó ń bọ̀, kí ẹ sì fi sójú ibi tí àwọn ènìyàn ti lè rí i, kì í ṣe lábẹ́ ìpolówó olóògbé. Èkejì wà lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí iṣẹ́ òde, tí mo mọ̀ pé àwọn òṣìṣẹ́ wọn ń ka ìwé ìròyìn yín. Bí wọ́n bá wó Afárá Carter yìí, kí wọ́n gé ìbàdí òpó kan, irin àti kankéré rẹ̀ papọ̀, kí wọ́n gbé e kalẹ̀ ní ibùdókọ̀ ojú irin Ìdó, kí wọ́n sì kọ ọdún tí wọ́n fi òpó náà sómi àti ọdún tí wọ́n yọ ọ́ sí ara rẹ̀. Nígbà tí ìjọba ìpínlẹ̀ wa ń fi ọkọ̀ ojú irin kó wa wálé láti Èkó lọ́fẹ̀ẹ́ ní àsìkò ọdún, mo jókòó ní Ìdó fún wákàtí mẹ́rin kí ọkọ̀ tó ṣí. Mo wá gbogbo àyíká yẹn bóyá mo lè rí ohunkóhun tó sọ ìtàn afárá méjèèjì tó ti lọ, àmọ́ ìyá kan tó ń ta ẹ̀pà ni mo rí, òun náà sì ní láti kékeré òun ni afárá náà ti wà níbẹ̀.

Ní ti ọmọkùnrin tí mo pàdé lọ́dọ̀ onígbàjámọ̀, mo tún rí i lọ́sẹ̀ tó kọjá ní Ìgbóǹnà. Mo sọ fún un pé nígbà tí wọ́n ń kọ́ afárá tí wọ́n fẹ́ wó yìí, mo ti lé ní ọmọ ogún ọdún. Ó wò mí láti òkè délẹ̀, ó ní, "Baba, ẹ̀yin wá lágbára jù ú lọ nìyẹn."

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Òṣìṣẹ́-fẹ̀yìntì kan,
Òkè-Fíà, Òṣogbo.