Ara aláboyún ń gbóná, wọn ò rí ibà: ẹ yẹ dẹ́ńgè wò

Ọ̀gá Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Agbẹ̀bí tó ti fẹ̀yìntì ni mí, Ìbàdàn ni mo ń gbé. Ọ̀rọ̀ àbíkẹ́yìn mi ló jẹ́ kí n mú bírò.

Oyún rẹ̀ ti pé oṣù mẹ́jọ nígbà tí ara rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná bí ààrò. Níbi tí a kọ́kọ́ gbé e lọ, wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, wọn ò rí ibà, síbẹ̀ oògùn ibà ni wọ́n fún un. Lọ́jọ́ kẹta, wọn ò tún rí i, wọ́n tún fún un ní òmíràn, wọ́n wá fi ti taifọ́ọ̀dù lé e. Ọmọ mi ní, "Màámi, ẹ̀yìn ojú ń ro mí, àfi bíi pé wọ́n ń tì í jáde." Egungun ń ro ó débi pé kò lè gbé apá sókè ya irun. Nígbà tí nǹkan pupa wẹ́wẹ́ sú sí i láyà, mo ní ká máa lọ síbòmíràn. Ibẹ̀ ni wọ́n ti rí i pé dẹ́ńgè ni, àìsàn kan tí ẹ̀fọn ń gbé kiri tó máa ń jọ ibà; èròjà tó ń jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì sì ti lọ sílẹ̀ gan-an lára rẹ̀. Ká ní ó rọbí lọ́sẹ̀ yẹn ńkọ́? Mo ti rí ẹ̀jẹ̀ tó kọ̀ tí kò dá lẹ́yìn ìbí. Aládùúgbò kan sì ti fẹ́ fún un ní ibuprofen! Oògùn yẹn àti aspirin ń mú kí ẹ̀jẹ̀ máa ya. Paracetamol ni kí wọ́n lò.

Ọlọ́run ṣeun, ó bí ọmọbìnrin, ó sì ń fún un lọ́yàn dáadáa.

Ọ̀rọ̀ ọmọ yẹn gan-an ni mo ń bọ̀ wá sọ, nítorí wọn ò kọ́ mi nígbà tí mo wà lẹ́nu iṣẹ́. Àwọn sójà ara tí ìyá fi bá dẹ́ńgè jà máa ń gba ibi ọmọ kọjá sára ọmọ, pàápàá nígbà tí oyún bá ti gbó. Ní oṣù bíi mélòó kan àkọ́kọ́, wọ́n á máa ṣọ́ ọmọ náà. Àmọ́ díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń dín kù. Tí ẹ̀fọn bá wá gbé dẹ́ńgè dé nígbà tí wọn ò tó ohun tó lè pa kòkòrò rẹ̀ mọ́, ńṣe ni wọ́n á dì mọ́ kòkòrò náà, tí wọ́n á mú un wọnú ẹ̀jẹ̀ funfun, ibẹ̀ ni yóò ti máa bí sí i. Olùṣọ́ tó ti rẹ̀ wá ń ṣílẹ̀kùn fún olè. Dókítà Scott Halstead, ará Amẹ́ríkà, ló tọpa rẹ̀ ní Bangkok láwọn ọdún 1960: dẹ́ńgè àkọ́kọ́ pàá ló ń le koko mọ́ àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan, tí ìyá wọn ti ní in rí. Kì í ṣe gbogbo ọmọ ló ń rí bẹ́ẹ̀, àmọ́ láti nǹkan bí oṣù mẹ́rin títí di ọdún kan, ẹ la ojú yín sílẹ̀.

Ẹ má sọ pé àìsàn ilẹ̀ òkèèrè ni. Láàárín 1964 sí 1968 ni wọ́n ti rí dẹ́ńgè nínú ẹ̀jẹ̀ àwọn aláìsàn n'Ìbàdàn níbí. Ó jà ní Sókótó ní 2023. Ìyá mélòó ló ti ní in tí wọ́n pè é ní ibà?

Ẹ̀fọn rẹ̀ kì í dúró de òru. Ojúmọmọ ló ń jẹni, omi tó mọ́ ló sì ń yé sí. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo ṣí dúrọ́ọ̀mù omi wa lẹ́yìn ilé ìdáná, tanwíjí ń jó wérewère nínú rẹ̀. Mo da omi náà nù, mo fi kànrìnkàn ha ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ nínú, nítorí ara ibẹ̀ ni ẹyin ń lẹ̀ mọ́. Ó lè gbẹ fún oṣù mélòó kan kó má kú. Ọmọ-ọmọ mi ti pé oṣù márùn-ún báyìí. Inú nẹ́ẹ̀tì ló ń sùn lọ́sàn-án gangan. Àwọn aráalé ń bi mí pé ṣé ilẹ̀ ti ṣú ni.

Ẹ bá mi bẹ àwọn kọmíṣọ́nnà ètò ìlera wa: kí wọ́n gbé àyẹ̀wò dẹ́ńgè dé ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé, kí wọ́n sì máa kọ ọ́ sórí káàdì ọmọ tí ìyá rẹ̀ bá ní in, kí ẹni tó bá gba ọmọ náà lọ́wọ́ lè mọ̀. Ti ọmọ-ọmọ mi, kò sẹ́ni tó kọ ọ́. Bírò mi ni mo fi kọ ọ́ síbẹ̀: "Ìyá rẹ̀ ní dẹ́ńgè nígbà tí oyún pé oṣù mẹ́jọ."

Èmi ni,
Agbẹ̀bí tó ti fẹ̀yìntì, Ìbàdàn